Hilux tó ti dúró lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún mẹ́fà: ṣé kí n rà á, àbí kí n tún 504 mi ṣe?

Àgbẹ̀ Ìkòyí béèrè pé:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ tinú-tòde ọkọ̀ bá mi dá sí i kí n tó ná owó tí n kò ní tètè rí kó jọ mọ́.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n oko mi wà lẹ́bàá Ìkòyí-Ilé, níbi tí mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, tí mo sì ní kaṣú díẹ̀ tí bàbá mi gbìn. Ọkọ̀ tó ti ń kó ẹrù wa wálé láti ayé bàbá mi ni Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná nígbà náà, tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Òun ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, mo sì mọ ohùn rẹ̀ débi pé bí ẹlòmíràn bá ń wà á bọ̀, inú ilé ni mo ti máa ń mọ̀.

Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ara rẹ̀ kò yá mọ́. Bí a bá di ẹ̀gẹ́ kún un, tí a sì ń gun òkè, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó máa ń sún lọ síbi pupa, n ó sì ní láti dúró títí yóò fi tutù. Omi inú rédíétọ̀ ń dín kù lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ibi tó ń jò sí nílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, mo rí ohun funfun kan tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ti dì. Yàtọ̀ sí èyí, gíá kejì máa ń já jáde fúnra rẹ̀ bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà níbi tí mò ń gbé ẹsẹ̀ lé, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí títì láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mẹkáníìkì tó wò ó fún mi ní iye ₦600,000 fún ẹ́ńjìnì nìkan.

Bí mo ṣe ń ro èyí lọ́wọ́ ni ìbátan mi kan ní Ọ̀yọ́ sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ bàbá wa kan tó ti dolóògbé fi Toyota Hilux kan sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ tà á. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe é, bẹntiróòlù ló ń lò, 22R sì ni wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnì rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá náà ti ṣàìsàn ni ọkọ̀ náà ti dúró lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé wọn, ọdún mẹ́fà gbáko nìyẹn. ₦1,400,000 ni wọ́n ń pè é. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ojú lásán ni mo fi wò ó: ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán lábẹ́ ewé tó bò ó, ìjókòó rẹ̀ kò ya, àwọn ọmọ náà sì ní bátìrì nìkan ló kù kí ó máa rìn.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé ó bọ́gbọ́n mu kí n kó owó lé ọkọ̀ tó ti dúró tó báyìí, àbí kí n fi ọwọ́ mú èyí tí mo ti mọ àìsàn rẹ̀? Bí mo bá sì tún padà lọ wo Hilux náà, kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Wọ́n tún ní mo lè wà á bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ bí mo bá ti ra bátìrì sí i; ṣé òótọ́ ni?

Mẹkáníìkì Sábó dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọdún 1991 ni mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ara 504 ni ọ̀gá mi sì ti kọ́ mi níṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ohun funfun tí ẹ rí nì, omi àti ọ́ìlì ló ti pàdé ara wọn. Ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà lè ní díẹ̀ nínú rẹ̀ nítorí ooru tó ń di omi sábẹ́ ìdérí, ṣùgbọ́n nígbà tí omi rédíétọ̀ yín tún ń dín kù, ẹ má ṣe fi ìyẹn tu ara yín nínú. Ẹ fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde láàárọ̀ kí ẹ tó ṣáná. Bí ọ́ìlì orí rẹ̀ bá ti ní àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ẹ má ṣe tún ṣáná sí i mọ́ rárá, nítorí pé ọ́ìlì tí omi ti lú kò lè gba mẹ́táàlì abẹ́ kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìnì ń yí, sílẹ̀, iṣẹ́ tí ìbá parí sórí gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí abẹ́ tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì) yóò sì di ti odindi ẹ́ńjìnì. Bí ọ́ìlì náà bá ṣì mọ́, ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó tutù, kí ẹnì kan ṣáná, kí ẹ wá máa wo ojú omi. Bí ó bá ń hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ bí omi àmàlà kó tó gbóná rárá, gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù ló ti fọ́, èéfín ẹ́ńjìnì ló sì ń tú sínú omi.

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ẹ́ńjìnì 504 ni pé àwọn sìlíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú wọn kì í ṣe ara bulọ́ọ̀kù, ìyẹn odindi irin tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnì. Ṣe ni wọ́n kì wọ́n bọ̀ ọ́, omi sì yí wọn ká, ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń dí ìdí wọn kí omi má ṣàn bọ́ sínú ọ́ìlì. Nítorí náà ẹ́ńjìnì tó bá ti jẹ kò di ohun àjùnù: ẹ ó yọ sìlíìfù àti písítìnì rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó ki tuntun bọ̀ ọ́, bulọ́ọ̀kù àtijọ́ náà ni yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Orí sìlíìfù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ sókè ju ojú bulọ́ọ̀kù lọ ní ìwọ̀n tín-ín-rín, kí tọ́ọ̀pù lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èékánná wọ́ láti ojú bulọ́ọ̀kù bọ́ sórí sìlíìfù, èékánná yóò kọ́ ọ. Ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín lọ́jọ́ tí yóò tò ó, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí èékánná kò bá kọ́, omi yóò tún gbabẹ̀ jáde kí oṣù mẹ́ta tó pé. Kí wọ́n sì gbé tọ́ọ̀pù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé ojú rẹ̀ kó lè tẹ́jú, nítorí pé ẹ́ńjìnì tó bá ti gbóná lọ́pọ̀ ìgbà, tọ́ọ̀pù rẹ̀ ti tẹ̀.

Mo fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ yín: ṣé tẹ́mósítáàtì ṣì wà lára ọkọ̀ náà? Ó ṣeé ṣe kó má sí. Èmi fúnra mi yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀ àwọn oníbàárà mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Àṣìṣe ni. Tẹ́mósítáàtì ló ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi dé ìwọ̀n ooru tó yẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ́ńjìnì yóò máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù láàárọ̀, epo tí kò jó tán yóò máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíìfù, ọkọ̀ yóò sì máa mu bẹntiróòlù ju bó ti yẹ lọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ló tún ní epo tí yóò fi ṣòfò? Bí ẹ́ńjìnì bá ń gbóná, ẹ jẹ́ ká wá ìdí rẹ̀ nínú rédíétọ̀ tó ti dí. Omi kànga tí a ń dà sí i lójoojúmọ́ ló ń dá ìpẹtà àti èépá sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́.

Ó wá ku Hilux. Ẹ gbàgbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ná, kí ẹ sì gbàgbé ọ̀dà tó ń dán. Ṣáásì, ìyẹn irin gígùn méjì tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ni ẹ ń lọ rà. Ẹ́ńjìnì, gíá, bíréèkì, gbogbo rẹ̀ la lè rí rà ní Gate n'Íbàdàn tàbí n'Ílọrin, ṣùgbọ́n ṣáásì tó ti jẹ kò sí ẹni tó lè dá a padà sípò bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Ẹ mú òòlù kékeré kan àti sikirudiráífà lọ, kí ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ sì sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fi òòlù kan irin méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le yóò dún gooro. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ láti inú yóò dún pọ̀ bí igbá tó ti sán. Ibi tí ṣáásì ti tẹ̀ sókè kọjá lórí áásù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù, àti ibi tí wọ́n so sípíríǹgì mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti ewé máa ń gbára jọ sí. Lábẹ́ igi máńgòrò, ewé tó ń jábọ́ kì í gbẹ tán kí òjò mìíràn tó dé.

Bí ṣáásì bá yè, ẹ wá kọjú sí ẹ́ńjìnì. 22R le dáadáa, irin ni bulọ́ọ̀kù rẹ̀, ṣéènì ló sì fi ń yí, kì í ṣe bẹ́líìtì. Àìsàn rẹ̀ tí mo mọ̀ jù ni pé àwọn ike tó ń tọ́ ṣéènì náà sọ́nà máa ń gbó, wọn a sì kán, ṣéènì yóò wá máa jẹ ìdérí iwájú ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gé e dé ibi tí omi wà. Bí ọkọ̀ náà bá ṣáná, tí ẹ sì gbọ́ tí iwájú ẹ́ńjìnì ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ṣéènì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan fi bátìrì ṣáná sí i. Ọdún mẹ́fà ti fa ọ́ìlì kúrò lára ògiri ihò tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ríìngì písítìnì sì lè ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n da ọ́ìlì bíi ṣíbí méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó sùn mọ́jú, bí ó bá ṣeé ṣe kó sun ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi sípánà ńlá mú nọ́ọ̀tì iwájú kíráńkì, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí ó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ìrètí wà. Bí kò bá yí, ẹ san owó fún un bí ẹni tó ń ra ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì.

Ní ti wíwà á wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, rárá o. Epo inú táńkì rẹ̀ ti di ohun tó ń rùn bí ọ̀dà, á sì ti lẹ̀ mọ́ inú káábúrétọ̀. Wíìlì sílíńdà bíréèkì rẹ̀ yóò ti dógùn-ún, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá bíréèkì náà yóò mú ní ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Pílétì kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè ti lẹ̀. Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Táyà tó ti dàgbà bẹ́ẹ̀, tó sì ti dúró lójú kan, lè bẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ bó ti wù kí gíríìpù rẹ̀ pọ̀ tó. Àádọ́ta kìlómítà àti díẹ̀ ló wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tírélà sì ni ẹ ó jọ máa rìn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ mìíràn gbé e.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Akẹ̀sán dáhùn pé:

Ẹ kú ìgbìyànjú, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa. Ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì sọ nípa ṣáásì wọ̀ mí lára nítorí pé mo ti fi owó kọ́ ọ.

Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo ra píkọ́ọ̀pù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun, kí n lè máa fi kó èlùbọ́ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Bódìjà n'Íbàdàn dípò kí n máa háyà ọkọ̀. Ẹni tó bá mi wò ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, ó ní ó dára, òótọ́ sì ni. Ní ìrìn àjò kẹrin, láàárín Ìlọrà àti Fìdítì, mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi bá dá, iwájú ọkọ̀ sì gbé sókè díẹ̀ níṣojú mi. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, a rí i pé ṣáásì ti kán sí ẹ̀yìn ilé awakọ̀. Wọ́n ti di ihò tí ìpẹtà jẹ pẹ̀lú páànù, wọ́n jó o mọ́ ọn, wọ́n fi bọ́dì fílà dán an, wọ́n sì kun ún ní dúdú. Mo ṣì rántí bí bọ́dì fílà náà ṣe ń rún bí ẹfun lọ́wọ́ mi lójú títì níbẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ kí a tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé àpò èlùbọ́ mọ́kàndínlógún, mẹ́jọ ló sì tutù. Wẹ́dà méjì ni mo pè wò ó, àwọn méjèèjì sì sọ fún mi pé àwọn lè jó o, ṣùgbọ́n àwọn kò lè búra fún ẹrù. Mo tà á fún àwọn tó ń fọ́ ọkọ̀ tà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀dà dúdú ti nípọn ju ibòmíràn lọ lábẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fi sikirudiráífà ha á.

Ohun kejì tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà ni ìwé. Ọkọ̀ olóògbé ni ẹ fẹ́ rà. Ta ni ó ni ín báyìí? Ọmọ tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kì í ṣe òun nìkan ni ọmọ. Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gba ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ gíga pé àwọn ló ń ṣàkóso ogún bàbá wọn, kí gbogbo àwọn ọmọ tó ní ẹ̀tọ́ sí i fọwọ́ síwèé títà náà, kí ẹ sì ní ẹlẹ́rìí tiyín. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáásì àti ti ẹ́ńjìnì wé èyí tó wà nínú páàtíkúlà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá tún ọkọ̀ ogún ṣe tán tó ń dán, ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun yóò rántí pé òun kò fọwọ́ sí i.

Awakọ̀ Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Mo ti wa píkọ́ọ̀pù fún ìjọba ìbílẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì wa 504 àti Hilux méjèèjì. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ti kó ọ̀rọ̀ rírà já. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń pa ọkọ̀ oko, nítorí pé yálà 504 ni ẹ mú tàbí Hilux, ohun kan náà ni yóò pa á.

Ẹ ní ẹ̀gẹ́ ni ẹ ń kó. Omi tó ń sun jáde lára ẹ̀gẹ́ tó ti kan máa ń jẹ irin, ajílẹ̀ inú àpò tó bá ya sì burú jù ú lọ, nítorí iyọ̀ ni, ó ń fa omi mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kí irin gbẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá a lábàá pé ilẹ̀ ọkọ̀ yín tó lu yẹn kì í ṣe òjò nìkan ló jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti kó ajílẹ̀ tàbí ẹ̀gẹ́, ẹ bomi fọ inú ọkọ̀ àti abẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì iwájú kúrò pátápátá, nítorí òun ló ń mu omi sára bíi kànìnkànìn. Lẹ́yìn tí wẹ́dà bá ti jó ilẹ̀ náà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tó ti gbó ni àwa máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn abẹ́ ọkọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í jẹ́ kí omi dúró. Ẹ kàn má ṣe jẹ́ kó kan bíréèkì àti rọ́bà.

Ní ti gíá kejì, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n tú gíáàbọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ sitíárìn ni ọ̀pá gíá yín wà, ọ̀nà jínjìn ni ìrìn gíá ń gbà kó tó dé ìsàlẹ̀, rọ́bà kéékèèké ló sì wà níbi tí àwọn ọ̀pá náà ti so kọ́ ara wọn. Bí rọ́bà náà bá ti gbó, gíá kò ní wọlé tán, ó sì máa já. Rọ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀; owó rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ ọjọ́ méjì lọ. Bí ó bá tún ń já lẹ́yìn èyí, inú gíáàbọ́ọ̀sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà, àti fílítà rẹ̀ pẹ̀lú. 20W-50 ló bá ẹ́ńjìnì tó ti dàgbà mu nínú ooru wa. Nígbà ọyẹ́, ojú ọ̀nà oko jẹ́ eruku látòkè délẹ̀, ẹ ṣí ibi fílítà afẹ́fẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹrù ńkọ́? Tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe Hilux irú èyí fún. Mo mọ̀ pé nígbà kaṣú, gbogbo ènìyàn ń dì í kọjá orí ilé awakọ̀, ṣùgbọ́n ṣáásì tí ẹ ń wá tọkàntọkàn yìí, ẹrù àdìjù ló ń kán an.

Àgbẹ̀ Ìkòyí padà wá pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yín ni mo kó lọ sí Ọ̀yọ́, pẹ̀lú òòlù, sikirudiráífà àti ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan tí ìbátan mi mọ̀.

A da ọ́ìlì sínú ihò plọ́ọ̀gì lọ́jọ́ Ẹtì, a padà lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ́ńjìnì náà yí. Ó kọ́kọ́ le, a fà á síwájú sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ó tú, inú mi sì dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n sanwó lójú ẹsẹ̀. Eku ti kọ́ ilé sórí ẹ́ńjìnì, wọ́n sì ti jẹ wáyà tó lọ síbi iná iwájú. Nọ́ńbà ara táyà mẹ́ta sọ pé ọdún 2014 ni wọ́n ṣe wọ́n.

Lẹ́yìn náà mo tẹ́ ẹní, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún dún gooro láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní apá òsì, ohùn náà yí padà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so. Mo gbé sikirudiráífà lé e, mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ lásán, n kò fi òòlù kàn án, ó sì wọlé dé ìdajì. Nígbà tí mo fà á jáde, ilẹ̀ dúdú àti egungun ewé máńgòrò ló ń dà jáde láti inú irin náà. Mẹkáníìkì tó wà pẹ̀lú mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn mi orí.

Mo tún béèrè ìwé. Àwọn ọmọ márùn-ún ni wọ́n, méjì wà l'Ékòó, àkọ́bí sì jẹ́wọ́ fún mi pé àwọn kò tíì dé ilé ẹjọ́ lórí ogún náà. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, mo sì kí i fún un. Mo fi hàn án ní ihò tó wà lára ṣáásì, nítorí kò dára kí n mọ̀ ọ́n kí n sì dákẹ́ kí ẹlòmíràn tó kó ẹrù lé e.

N kò ra ọkọ̀ náà. Mo ti sọ fún wọn pé bí ìwé wọn bá pé, tí wọ́n sì fẹ́ ta ẹ́ńjìnì àti gíáàbọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, kí wọ́n ké sí mi, nítorí pé àbúrò mi kan ní Hilux tó ń wá irú rẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ mi, ara 504 ni mo fẹ́ ná an sí. Irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì ti fi àwọ̀ tíì oní-mílíìkì hàn mí láàárọ̀ yìí, mo sì ti yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ọkọ̀. Ilẹ̀ tó lu, wẹ́dà tó wà ládùúgbò wa ti wò ó: ilẹ̀ nìkan ló jẹ, irin ńlá tó wà lábẹ́ rẹ̀ dún gooro. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dá mi lójú.

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé ẹ lè bá mi ṣe é? Mo fẹ́ fi èékánná mi wọ́ orí sìlíìfù náà fúnra mi.

Mẹkáníìkì Sábó dáhùn pé:

Tayọ̀tayọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣe wà á wá o, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tú omi inú rédíétọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì funfun kan, kí ẹ sì gbé e dání. Mo fẹ́ wo ohun tó bá rọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí n tó ṣí tọ́ọ̀pù. Ẹ má ṣe tíì ra sìlíìfù kankan; tí mo bá wọn àwọn tó wà níbẹ̀ tán, n ó kọ ohun tí ẹ máa rà sínú ìwé fún yín, a ó sì jọ lọ sí Ibadan kí wọ́n má baà kó ayédèrú lé yín lọ́wọ́. Tẹ́mósítáàtì wà nínú ohun tí n ó kọ.